Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn fún Bàbá: ṣé ká ra OTC tí kò gba ìwé dókítà, àbí ká lọ sọ́dọ̀ audiologist (onímọ̀ àyẹ̀wò ìgbọ́ràn)?

Ọmọ Ẹ̀gbá Houston

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Bàbá mi, ẹni ọdún 71, wà lọ́dọ̀ wa ní Houston fún oṣù mẹ́jọ sí i kí wọ́n tó padà sí Abẹ́òkúta. Etí wọn ti ń di díẹ̀díẹ̀ láti bí ọdún mẹ́ta. Tẹlifíṣọ̀n gbọ́dọ̀ pariwo kí wọ́n tó gbọ́ ọ, wọ́n sì máa ń ní kí àwọn ọmọ tún ọ̀rọ̀ sọ, pàápàá tí àwọn ọmọ bá kẹ̀yìn sí wọn. Tí ilé bá dákẹ́ tí a kọjú síra wa, a ń sọ̀rọ̀ láìsí wàhálà. Fóònù Android ni wọ́n ń lò, etí òsì nìkan ni wọ́n sì ń gbé e sí. Wọ́n ní ti ọ̀tún kò yá.

Mo rí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn OTC lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òmíràn $299 fún méjèèjì, òmíràn $999. Ilé-ìwòsàn kan ní $5,200 ni tiwọn. Bàbá kò ní Medicare (ìbánigbófò ìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣe fún àgbàlagbà), àpò wa ni owó máa ti jáde. Kí ni ìyàtọ̀ gan-an? Ṣé $5,200 yẹn tọ́? Ṣé èyí tí a bá rà níbí á ṣe é lò nílé?

Alágbàtọ́ Etí

Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá, wọ́n á jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi owó sílẹ̀ ná. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, èyí tó gba àkíyèsí mi jù ni pé etí òsì nìkan ni wọ́n ń gbé fóònù sí. Etí tí ọjọ́ orí ń di kì í yan ọ̀kan kó fi ọ̀kan sílẹ̀. Méjèèjì ló sábà máa ń lọ pọ̀. Tí ọ̀kan bá ṣáájú èkejì, a gbọ́dọ̀ mọ ìdí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ki ẹ̀rọ bọ̀ ọ́.

Ó lè jẹ́ ìdọ̀tí etí tó ti ki mọ́nú ihò etí. Ó lè jẹ́ omi tó dúró sẹ́yìn awọ ìlù etí, tàbí ihò lára awọ náà látàrí etí tó ṣọyún nígbà èwe, èyí tó wọ́pọ̀ nílé. Ó sì lè jẹ́ kókó kan tó hù sára iṣan tó ń gbé ìró lọ sí ọpọlọ. Ìyẹn kì í ṣe jẹjẹrẹ, ó sì ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n àwòrán MRI ni wọ́n fi ń rí i, kò sì sí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tó ń wò ó sàn. FDA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn, pàápàá ní kí wọ́n tẹ ìkìlọ̀ sára páálí OTC: ẹni tí etí rẹ̀ kan ń gbọ́ ju èkejì lọ, tàbí tí ẹ̀jẹ̀, ọyún tàbí omi jáde létí rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, tàbí tí etí ń dùn, tàbí tí òòyì ń kọ́, tàbí tí ìgbọ́ràn rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀, kó kọ́kọ́ lọ rí dókítà, dókítà etí ló sì dára jù.

Fún ẹlòmíràn tó bá ń ka ọ̀rọ̀ yìí: etí tó bá ṣàdédé di láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ilé-ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má ra nǹkan kan fún un. Oògùn steroid tó lè dá ìgbọ́ràn náà padà máa ń ṣiṣẹ́ jù tí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi àsìkò yẹn ṣòfò nítorí wọ́n rò pé òtútù ni.

Fún Bàbá, ẹ jẹ́ kí dókítà fi iná wo ihò etí méjèèjì, kí ó yọ ìdọ̀tí tó bá wà níbẹ̀. Ẹ má fi igi tí òwú wà lórí rẹ̀ (cotton bud) yọ ọ́ nílé, ńṣe ló ń tì í wọlé sí i. Lẹ́yìn ìyẹn ni àyẹ̀wò ìgbọ́ràn, kì í ṣe ṣáájú, torí ìdọ̀tí á jẹ́ kí ìwé àyẹ̀wò parọ́. Ẹ pe ilé audiologist méjì tàbí mẹ́ta, ẹ béèrè iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń san owó fúnra rẹ̀ fún àyẹ̀wò tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 92557. Tí ẹ bá ti dárúkọ nọ́ńbà yẹn, ohun kan náà ni gbogbo wọn á máa sọ iye rẹ̀ fún yín: àyẹ̀wò ìró tó gba inú ihò etí wọlé, èyí tó gba ara egungun wọlé, àti àyẹ̀wò gbígbọ́ ọ̀rọ̀. "Àyẹ̀wò ọ̀fẹ́" táwọn kan ń kéde, títa ẹ̀rọ ni wọ́n ń lépa, wọ́n sì sábà máa ń fo ti egungun. Bẹ́ẹ̀ ti egungun yẹn ló ń sọ bóyá ìdíwọ́ wà lójú ọ̀nà tàbí iṣan ló rẹ̀.

Ẹ gba ẹ̀dà audiogram, ìyẹn ìwé àbájáde àyẹ̀wò ìgbọ́ràn, kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹ̀tọ́ Bàbá ni lábẹ́ òfin, yálà ẹ ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ wọn tàbí ẹ ò rà.

Ohun kan tó yẹ kí àwa Yorùbá mọ̀: àyẹ̀wò gbígbọ́ ọ̀rọ̀ níbí, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúkúrú kúkúrú ni, ohùn Amẹ́ríkà ni wọ́n sì fi gbà á sílẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti ilé lè gba máàkì tó kéré níbẹ̀ kí etí rẹ̀ má jẹ̀bi. Ẹ sọ fún audiologist ṣáájú. Àyẹ̀wò ìró, ìyẹn "pí, pí" inú ẹ̀rọ agbétí, kò ní èdè, ẹ lè gbára lé e.

Adé Ẹlẹ́rọ, Maryland

Ẹ̀gbọ́n Alágbàtọ́ ti sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú ti ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀rọ méjèèjì.

Ọdún 2017 ni Kóńgírẹ́ẹ̀sì ṣe òfin tó ní kí OTC wà. FDA gbé ìlànà rẹ̀ jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún náà. Ẹni tó ti pé ọdún 18 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó rí i pé etí òun di díẹ̀ tàbí níwọ̀nba, ni wọ́n ṣe é fún. Ọmọdé kò sí níbẹ̀ rárá, kódà kí etí rẹ̀ di díẹ̀. Gbogbo ẹ̀rọ tí kò bá sí lábẹ́ OTC ti di èyí tó ń gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó ní àṣẹ.

Òpin tí ìlànà náà fi sí i ló yẹ kí ẹ mọ̀. Ìró tó lágbára jù tí OTC lè gbé jáde kò gbọ́dọ̀ ju 111 dB (decibel, ìwọ̀n agbára ìró). Tí ètò tó ń tẹ ìró ńlá mọ́lẹ̀ bá wà nínú rẹ̀ tó sì ń ṣiṣẹ́, ó lè dé 117. Orí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọlé débi tí àyè tó kù sí awọ ìlù etí kò ní pé mílímítà 10. Ẹni tó wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ lè yí ohùn rẹ̀ sókè sódò fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ bó ṣe ń lò ó, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣé e mọ́ ibẹ̀, kí ó má baà fi ẹ̀rọ ba ìgbọ́ràn tó kù jẹ́. Ẹni tí etí rẹ̀ ti di púpọ̀ á máa yí i sókè títí ìró á fi máa fọ́ létí rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò sì ní yé e. Àmì rẹ̀ rọrùn: tí ènìyàn kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú yàrá tó dákẹ́, tàbí tí kò gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnì dáadáa, OTC kọ́ ni tirẹ̀. Bàbá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ilé bá dákẹ́, ìyẹn dára.

OTC fúnra rẹ̀ pín sí méjì. Èyí tó wà ní $299 yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ onípele: ẹ̀rọ ti ní ètò mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú láti ilé-iṣẹ́, ẹ ó kàn yan èyí tó bá dùn létí. Ìkejì ni èyí tó ń ṣètò ara rẹ̀: áàpù orí fóònù á fi ìró dán etí Bàbá wò, á wá ṣètò ẹ̀rọ náà bá etí kọ̀ọ̀kan. FDA gbọ́dọ̀ yẹ èyí wò kó sì fọwọ́ sí i kí wọ́n tó tà á. Onípele kò nílò ìfọwọ́sí yẹn. Àárín méjèèjì ni mo ti máa ń rí ìyàtọ̀ jù, torí onípele máa ń gbé gbogbo ìró sókè pọ̀, bẹ́ẹ̀ ohùn òkè nìkan ni ọ̀pọ̀ àgbà kò gbọ́ mọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún "FDA Registered" tó wà lára páálí pẹ̀lú àmì FDA gàdàgbà. Ìforúkọsílẹ̀ túmọ̀ sí pé ilé-iṣẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé FDA, kò túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni yẹ ẹ̀rọ náà wò. Tí wọ́n bá ní ẹ̀rọ náà ń ṣètò ara rẹ̀, ẹ wá orúkọ rẹ̀ nínú àkójọ 510(k) tàbí De Novo, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ tí FDA yẹ̀ wò kí wọ́n tó tà wọ́n, lórí ìkànnì FDA. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Àwọn oní-$30, $50 tí kò kọ "OTC hearing aid" sára páálí, agbóhùnsókè lásán ni wọ́n. Fáànù, fíríìjì àti ṣíbí tó bọ́ sínú àwo ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé sókè.

Àwọn kan á sọ pé kí ẹ ra AirPods Pro 2, ẹ̀rọ agbétí aláìlókùn ti Apple. Òótọ́ ni pé FDA fọwọ́ sí ètò ìgbọ́ràn rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, fún etí tó di díẹ̀ sí ìwọ̀nba. Ṣùgbọ́n iPhone tàbí iPad ni wọ́n fi ń ṣètò rẹ̀, bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́ ju bíi wákàtí mẹ́fà lọ, ó sì ń dí ihò etí pa. Fún ìpàdé tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, ó dára. Fún Bàbá tó ní Android, kò bá a mu.

Kí ẹ tó sanwó fún OTC kankan, ẹ ka ọ̀rọ̀ ìdápadà lára páálí. Ìlànà FDA kò fipá mú ilé-iṣẹ́ láti gba ẹ̀rọ padà, ó kàn ní kí wọ́n kọ bóyá wọ́n ń gbà á. Ẹ wo iye ọjọ́, ẹ wo bóyá ọjọ́ tí ẹ sanwó ni wọ́n ti ń kà á tàbí ọjọ́ tó dé ilé, ẹ sì wo iye tí wọ́n máa yọ lára owó yín.

Ọmọ Ẹ̀gbá Houston

Ẹ ṣeun púpọ̀, Olúwa á sanwó iṣẹ́ yín. A ti lọ. Ìdọ̀tí ló kún etí ọ̀tún dí, dókítà fi omi yọ ọ́. Awọ ìlù etí méjèèjì dára. Lẹ́yìn náà la ṣe àyẹ̀wò. Bó ṣe rí nìyí:

Ọ̀tún: 250 Hz – 25, 500 – 30, 1000 – 40, 2000 – 55, 4000 – 70, 8000 – 75.
Òsì: 250 Hz – 20, 500 – 25, 1000 – 35, 2000 – 50, 4000 – 60, 8000 – 70.

Ti egungun bá ti ihò etí mu ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Audiologist ní ìyàtọ̀ ọ̀tún àti òsì kò tó ohun tí òun á torí rẹ̀ ní kí wọ́n lọ ya MRI. Ó ní kí a ra ẹ̀rọ $5,200 yẹn. Mo gba ẹ̀dà mi, mo ní a ń bọ̀.

Alágbàtọ́ Etí

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ẹ jẹ́ ká kà á pọ̀.

Nọ́ńbà ìṣáájú ni gíga ohùn, ti ẹ̀yìn ni bí ìró ṣe gbọ́dọ̀ lágbára tó kí Bàbá tó gbọ́ ọ. Tí nọ́ńbà bá wà ní 25 sísàlẹ̀, etí yá. 26 sí 40, ó di díẹ̀. 41 sí 55, ìwọ̀nba. 56 sí 70, ó ti ń kọjá ìwọ̀nba. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó di púpọ̀. Tí ẹ bá ro ti 500, 1000, 2000 àti 4000 pọ̀, tí ẹ pín in sí mẹ́rin, òsì jẹ́ 42.5, ọ̀tún jẹ́ 48.75. Ìwọ̀nba ni méjèèjì, ẹnu ọ̀nà OTC ni wọ́n wà. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìròpọ̀ nìkan ṣèdájọ́. Ẹ wo bó ṣe dà gẹ̀rẹ́ gẹ̀rẹ́ láti 25 dé 75. Etí tó tẹ́jú ní 45 àti etí tó dà báyìí lè ní ìròpọ̀ kan náà, ohun tí wọ́n nílò kò jọra rárá.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yìí ló sọ ìdí tí Bàbá fi ń gbọ́ ohùn yín tí kò sì gbọ́ ohun tí ẹ sọ. Ìsàlẹ̀ ni dò, re, mí ọ̀rọ̀ Yorùbá wà, níbi tí etí wọn ṣì dára sí. Òkè, láti bíi 2000 Hz lọ, ni s, f, t, k wà. Ẹ ní "fà á", ohùn ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn, fáwẹ̀lì rẹ̀ náà sì dé, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀ bóyá fà á ni, tàbí kà á, tàbí tà á. Wọ́n ń wo ẹnu yín kí wọ́n fi ṣírò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń bàjẹ́ tí ọmọ bá kẹ̀yìn sí wọn.

Ẹ̀rọ tó máa wúlò gbọ́dọ̀ fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ó gbé òkè sókè, kí ó má sì fọn súfèé bó ṣe ń gbé e. Ìyẹn ni iṣẹ́ tó le. 70 ní 4000 ní etí ọ̀tún ń béèrè agbára tí OTC dáadáa lè gbìyànjú rẹ̀, àmọ́ kò ní fi bẹ́ẹ̀ ní àyè láti fà sí i tí etí Bàbá bá tún lọ sílẹ̀ lọ́dún méjì sí mẹ́ta.

Ní ti $5,200: ẹ má tíì rà á. Ohun tí ẹ ń san owó fún nínú ẹ̀rọ oníwèé jù ni ọwọ́ ẹni tó ṣètò rẹ̀. Ẹ béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ṣé ẹ máa ṣe real ear?" Tí wọ́n bá ń ṣe é, wọ́n á ki túùbù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó nípọn bíi òwú sínú ihò etí, nítòsí awọ ìlù etí, wọ́n á gbé ẹ̀rọ lé e, wọ́n á wá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dún ní 55 dB, 65 àti 75, ìyẹn ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ọ̀rọ̀ lásán àti ohùn líle. Lójú kọ̀ǹpútà, ẹ ó rí ìlà ohun tí audiogram Bàbá ń béèrè, ẹ ó sì rí ìlà ohun tí ẹ̀rọ ń gbé dé awọ etí gan-an. Wọ́n á fa kejì bá èkíní. Ihò etí ènìyàn méjì tí audiogram wọn jọra kì í tóbi bákan náà, nítorí náà ètò tí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ bá dá ṣe máa ń fi òkè sílẹ̀ láìtó. Ilé tó bá ní òun kì í ṣe é, tó sì gba $5,200, owó yẹn pọ̀ jù fún iṣẹ́ tí kò parí.

Ọ̀nà kẹta wà tí ẹ kò mẹ́nu bà. Costco ní ibi ìgbọ́ràn ní ọ̀pọ̀ ilé-ìtajà rẹ̀, ẹ̀rọ oníwèé-dókítà sì ni wọ́n ń tà, bíi $1,500 sí $1,600 fún méjèèjì. Ẹni tí ẹ jọ ń gbé ilé gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wọn. Ọjọ́ 180 ni wọ́n fún ènìyàn láti dá a padà. Ẹ gbé audiogram dání, ṣùgbọ́n wọ́n lè tún un ṣe. Ẹ béèrè ìbéèrè real ear níbẹ̀ náà, kí ẹ sì dúró wò ó bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Fún etí Bàbá àti oṣù mẹ́jọ tó kù, ibẹ̀ ni èmi á kọ́kọ́ lọ.

Adé Ẹlẹ́rọ, Maryland

Mo gbà, ṣùgbọ́n mi ò ní pa OTC tì bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń ṣètò ara rẹ̀ ní $999, tó gba ìdápadà ọjọ́ 45, ẹ lè fi dán Bàbá wò bóyá wọ́n á gbà láti máa wọ nǹkan sétí rárá. Ẹ̀rọ inú dúrọ́ọ̀ kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní, ì báà jẹ́ ti $5,000. Tí ẹ bá ṣe é, ẹ jẹ́ kí Bàbá tẹ áàpù fúnra wọn nígbà àyẹ̀wò. Ẹ lè túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ fún wọn kó tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi ojú sọ fún wọn pé "ó ti dún". Ọmọ tó ń ran bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ níbẹ̀ ń ba ètò náà jẹ́ ni. Ẹ pa AC àti fáànù, ẹ ti ilẹ̀kùn. Kí ẹ tó sanwó rárá, ẹ wò ó bóyá áàpù náà ṣiṣẹ́ lórí irú Android tí Bàbá ní, torí àwọn kan kò gba fóònù àtijọ́.

Alágbàtọ́ Etí

Àbúrò, òtítọ́ wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń gbé níbí títí. Ohun tó jẹ́ kí n tẹ̀ sí ti ẹ̀rọ tí ẹnìkan fọwọ́ ṣètò ni pé Abẹ́òkúta ni Bàbá ń lọ. OTC tí áàpù rẹ̀ kọ̀ ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n bá pààrọ̀ fóònù, kò sí ẹni tó máa tún un ṣe.

Màmá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ẹ jẹ́ kí èmi sọ ti ilé, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti máa ń kú.

Òógùn àti ọ̀rinrin ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Ẹ ra ike ìgbẹ́rọ tó ní ìlẹ̀kẹ̀ silica nínú. Lálẹ́, kí Bàbá nu ẹ̀rọ pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ, kí wọ́n ṣí ilé bátìrì rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n gbé e sínú ike náà. Ìlẹ̀kẹ̀ tó bá ti yí àwọ̀ ti mu omi yó, kí wọ́n gbẹ ẹ́ tàbí pààrọ̀ rẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, ekuru ló kù. Ó ń dí ojú máíkì, ohùn á wá dà bíi pé ó jìnnà. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré tó gbẹ ni kí wọ́n fi gbá a, kí wọ́n dojú ẹ̀rọ kọlẹ̀ kí ìdọ̀tí lè já bọ́, wọn kò gbọ́dọ̀ fẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á wọlé.

Ti iná: èyí tó ń gba ṣáájì ń ṣiṣẹ́ tí ṣájà rẹ̀ bá ní "100–240V, 50/60Hz" lára, èyí tó bá sì ń gba USB lè mu lára power bank. Ṣùgbọ́n tí ìwọ̀n iná ilé wọn kò bá dúró rárá, èmi fara mọ́ oníbátìrì. Nọ́ńbà 312, ojú rẹ̀ àwọ̀ ilẹ̀, tàbí 13, ojú rẹ̀ àwọ̀ ọsàn, ni wọ́n wọ́pọ̀ jù. Afẹ́fẹ́ ló ń jí bátìrì yìí: tí wọ́n bá ti ṣí bébà ojú rẹ̀, kí wọ́n gbé e kalẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó wọ ẹ̀rọ, á pẹ́ sí i. Bí bébà náà bá ti kúrò, ó ń kú lọ nìyẹn, bí wọ́n tilẹ̀ lẹ̀ ẹ́ padà. Ẹ má kó wọn sí fíríìjì. Ẹ ra páálí tí ọjọ́ rẹ̀ ṣì jìnnà, ẹ ṣàyẹ̀wò ọjọ́ náà lára kọ̀ọ̀kan. Power bank gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì ọwọ́ nínú ọkọ̀ òfúrufú, kì í ṣe inú èyí tó ń wọ abẹ́.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà á bóyá wọ́n ti ẹ̀rọ náà pa mọ́ ilé-ìtajà wọn. Ẹ̀rọ tí wọ́n tì bẹ́ẹ̀, kò sí ilé-ìwòsàn mìíràn tó lè ṣí ètò rẹ̀, ì báà jẹ́ UCH níbí tàbí National Ear Care Centre ní Kàdúná. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá wọ́n lè ṣètò rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Kí ẹ sì ra àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó máa tó ọdún kan: rọ́bà etí ní ìwọ̀n tó bá Bàbá mu, asẹ́ ìdọ̀tí, spíkà àfidípò kan fún ọ̀tún, kan fún òsì. Orúkọ asẹ́ náà gan-an ni kí ẹ kọ sílẹ̀, torí ti ilé-iṣẹ́ kan kì í wọ ti èkejì.

Bàbá tí ìdọ̀tí ti kún etí rẹ̀ dí lẹ́ẹ̀kan, á tún kún. Tí ẹ̀rọ kan bá dákẹ́ ṣíún, asẹ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀ kí wọ́n tó pariwo pé ó ti bàjẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, bátìrì.

Ọmọ Ẹ̀gbá Houston

Ẹ ṣé o, Màmá. A ti gba ọjọ́ ní Costco. Ohun méjì ló kù: kí ni mo máa ṣe tó bá ń fọn súfèé, àti ti fóònù?

Alágbàtọ́ Etí

Súfèé ni ìró tó jáde láti inú spíkà, tó yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà, tó padà sínú máíkì. Lọ́pọ̀ ìgbà, rọ́bà kéré jù tàbí kò wọlé tó. Kí Bàbá fi ọwọ́ kejì fa etí sókè àti sẹ́yìn díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tì í wọlé. Pupa ni àmì ọ̀tún, búlúù ni ti òsì. Tí wọ́n bá gbé e lódì, ó lè máa fọn súfèé. Tí ó bá wọlé dáadáa tó ṣì ń fọn, ẹ wo etí bóyá ìdọ̀tí ti padà. Lẹ́yìn náà ni ẹ máa gbé rọ́bà tó tóbi ju ìyẹn lọ wò. Ẹ má kàn sáré lọ sí rọ́bà dídí pátápátá o: etí Bàbá ṣì dára nísàlẹ̀, tí ẹ bá dí i, ohùn ara wọn á máa dún lórí wọn bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú àgbá, wọ́n á sì bọ́ ọ dànù.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lójúmọ́ tó, nínú ilé tó dákẹ́, kí ẹ máa fi wákàtí kún un. Omi ẹ̀rọ, bébà àti bàtà tiwọn gan-an á máa dún ju bó ti yẹ lọ; ọpọlọ á gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Tí ìró kan bá ń dun wọ́n ní tòótọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, irú ìró àti ibi tí wọ́n wà, kí ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ṣètò ẹ̀rọ. "Kò dára" kò ní sọ ohun tó máa yí padà fún un.

Fóònù: ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ náà ń gba ìpè tààrà láti ara irú Android tí wọ́n ní, kí wọ́n so ó pọ̀ níwájú yín kí ẹ tó sanwó. Tí kò bá gbà á, kí Bàbá má gbé fóònù sí ojú ihò etí bíi ti tẹ́lẹ̀. Òkè ẹ̀yìn etí ni máíkì wà, ibẹ̀ ni kí wọ́n gbé spíkà fóònù sí, kí wọ́n fi àyè díẹ̀ sílẹ̀.